Sàráà fún Ibojì Kún

Ọjà Missèbo, ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀. Ìsọ̀ òkìrìkà kan. Béèlì mẹ́ta nílẹ̀, àga onírọ́bà kan, àwo màsà tí wọ́n fi ọ̀rá bò. Àdìzátù ló ni ìsọ̀: ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé díẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Kútọnu, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Lókè orí rẹ̀, lórí okùn, ẹ̀wù dúdú kan ṣoṣo ń mì nínú afẹ́fẹ́. Ọkùnrin kan dúró lábẹ́ ẹ̀wù náà. Apárí. Awò ojú. Báàgì akọ̀wé lábẹ́ abíyá. Ó la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tó pàdé ara rẹ̀ lójú ọ̀nà.

"Ẹ kú ọjà, Ìyá. Ẹ bá mi mú dúdú yẹn wálẹ̀."

"Kì í ṣe títà."

"Ó kúkú wà lórí okùn."

"Orí yín náà wà níta gbangba. Ṣé títà ni?"

Ọkùnrin náà fọwọ́ kan orí rẹ̀. Médard lorúkọ rẹ̀, ọmọ Pobè, akọ̀wé ìjọba ní ọ́fíìsì kan tí a ò ní dárúkọ. Ìyẹn láàárín ọ̀sẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, òun ni olórin Ibojì Kún, ẹgbẹ́ pọ́ńkì, orin onígìtá aláriwo, tó ti wà láti ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Pọ́ńkì tó le jù, tó yára jù, tí orin kan kì í tó ìṣẹ́jú kan. Orin méjìlélógún, ìṣẹ́jú méjìdínlógún, ó parí. Títí di òní, kò sí ẹni tó tíì ní kí wọ́n tún un kọ.

Àmọ́ ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, Moubarak, onílù wọn, ju ọ̀pá ìlù sílẹ̀. Ó ní ó ti sú òun. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, ta ló mọ̀ wọ́n? Ó ní kí Médard wá ènìyàn kan ṣoṣo ní gbogbo Kútọnu, tí kì í ṣe ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ ẹnikẹ́ni nínú wọn, tó lè dárúkọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí kò bá rí i, kí wọ́n lọ wá onílù mìíràn fún eré ọ̀la ní àdúgbò Akpakpa. Kò sì sí onílù mìíràn. Kò sí ẹlòmíràn ní gbogbo Benin tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ Ajé ni Médard ti ń wá ẹni yẹn. Ní Calavi, ní yunifásítì tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n bi í pé ṣé ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ni. Obìnrin kan rántí wọn. Ó ní àbí àwọn tí òun bẹ̀ pé kí wọ́n gba gbogbo owó wọn kí wọ́n dákẹ́, níbi àsè Kọ̀múníọ̀ àkọ́kọ́ ọmọ òun? Kò rántí orúkọ.

Ojú wọn wá rèé lórí okùn. Ẹni mẹ́rin, funfun lórí dúdú, ẹnu yíyà. IBOJÌ KÚN lókè. Orúkọ mẹ́rin nísàlẹ̀. 1997–2012.

"Ìyá." Ohùn Médard ti rọ̀. "Ṣé ẹ mọ̀ wọ́n ni?"

"Àwọn wọ̀nyí?" Àdìzátù kò gbójú sókè. "Kò sí Jímọ̀ kan tí mi ò kì í pe orúkọ wọn."

"Ẹ pè é kí n gbọ́."

"Médard. Moubarak. Xavier. Émilienne."

Médard jókòó lórí béèlì. Kò tọrọ àyè. Ó yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. Ó bi í pé láti ìgbà wo.

"Ọdún mẹ́ta."

"Èwo lẹ fẹ́ràn jù?"

Àdìzátù rò ó wò. Ó ní obìnrin inú wọn ni. Ojú rẹ̀ jọ ti ẹni tó láàánú.

"Nínú orin wọn ni mo ń wí."

"Orin wo?"

"Orin tí wọ́n ń kọ."

Àdìzátù wò ó bí ẹni ń wo aláìsàn. "Ọ̀gá, níbi tí wọ́n wà báyìí, àwọn málékà ló ń kọrin fún wọn."

Ó wá ṣàlàyé, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń túfọ̀. Béèlì kan ló tú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, láti ilẹ̀ Belgium. Ẹni tó bá ń ṣe òkìrìkà mọ̀ pé èèyàn kì í rí ẹ̀wù méjì tó bára mu nínú béèlì kan. Èyí, mẹ́rìndínlógóje. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ẹnikẹ́ni kò wọ̀ wọ́n rí. Ó mọ ohun tó jẹ́ lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ̀wù òkú."

Médard ní kí ni kì í ṣe ẹ̀wù òkú ní Missèbo. Òkú Òyìnbó kúkú ló ni gbogbo ọjà yìí.

"Èmi ò sọ ti òkú Òyìnbó. Ẹ̀wù ìsìnkú ni mo wí. Èyí tí ẹbí máa ń tẹ̀. Àwòrán olóògbé láyà, orúkọ nísàlẹ̀, ọdún lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣé wọn kì í ṣe irú ẹ̀ lọ́dọ̀ yín ni?"

Wọ́n ń ṣe é. Médard fúnra rẹ̀ tẹ ogójì nígbà ìsìnkú bàbá rẹ̀. Ó gbójú sókè. Ojú mẹ́rin. Orúkọ mẹ́rin. Ọdún. Láti ọdún mẹ́tàlá tí wọ́n ti tẹ ẹ̀wù yìí, kò sí ẹni tó sọ fún un pé ẹ̀wù ìsìnkú ló jọ.

"Àwọn ẹbí tún kọ ọ́ sókè níbẹ̀," ni Àdìzátù wí. "Ibojì kún. Wọ́n ń bẹ Ọlọ́run pé ó tó."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́. Ibojì kún, kò sáyè, nítorí náà a ò ní kú. Ìtumọ̀ rẹ̀ nìyẹn."

"Wọ́n ṣáà kú. Ẹni mẹ́rin, lẹ́ẹ̀kan náà."

"Kí ló pa wọ́n?" Kò yẹ kó bèèrè. Ó bèèrè.

"Àìsàn. Ẹ wo ọdún. 1997 ló bẹ̀rẹ̀, 2012 ló parí. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko. Ẹ sì wo ẹnu wọn. Ṣé ẹ ò rí ìrora ni?"

"Ẹ̀yìn rẹ̀ wá ńkọ́? Ìlú mẹ́jọ ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ẹ̀wù yẹn."

"Àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ìlú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ tirẹ̀. Liège, Gand, Lille. Àwọn ọmọ wọn lókè òkun kò ráyè pàdé, kálukú wá ṣe tirẹ̀. Ìdílé ńlá ni."

"Ibi tí a ti ṣeré ni, Ìyá."

Ó sọ ọ́ fún un. Ọkọ̀ kan, ènìyàn márùn-ún, ìlú mẹ́jọ. Ní Lille, àwọn mọ́kànlá ló wá wò wọ́n, pẹ̀lú ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn. Ẹ̀wù ṣẹ́ kù. Ó wúwo jù fún ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n fi sílẹ̀ nínú gáréèjì ẹni tó fi ọkọ̀ gbé wọn kiri, ní Liège. Ó ṣèlérí pé òun á fi ránṣẹ́.

"Ó ti fi ránṣẹ́," ni Àdìzátù wí. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ tó wọ̀ ọ́ létí. "Ẹ dúró ná. Ẹ ní ẹ ti ṣeré. Ẹ̀yin àti ta?"

"Àwa mẹ́rin yìí. Èmi ni ti apá òsì."

Àdìzátù wo ti apá òsì. Ọkùnrin gbọọrọ, irun orí rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ewé orí ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Ó wo apárí tó jókòó níwájú rẹ̀. Ó wo ikùn tó wà nísàlẹ̀ apárí. Ó fi tẹ̀sùbáà sílẹ̀.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni yín ni, àbí bàbá rẹ̀?"

Kí Médard tó dáhùn, obìnrin náà ti fa àpò ńlá kan jáde lábẹ́ tábìlì. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń retí wọn. Ẹ̀wù òkú kì í ṣe ọjà. Bí òun bá tà á, ẹni tó rà á á wọ̀ ọ́ jáde, ọmọ olóògbé á sì rí bàbá rẹ̀ láyà ẹlòmíràn lójú pópó. Ìdí nìyẹn tí òun fi so ọ̀kan kọ́, kí ẹbí tó bá ń kọjá lè rí i. Ní ọjọ́ Jímọ̀ gbogbo, kí àwọn òkú náà má baà rò pé wọ́n gbàgbé àwọn, òun máa ń ṣe sàráà màsà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, òun á sì pe orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Médard ti àpò náà padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ìyá, mi ò kì í ṣe bàbá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Èmi ni Médard. Mi ò kú."

Àdìzátù rọra fa àga rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ti ń gbọ́ nípa wọn láti kékeré. Ẹni tó kú sí ìlú kan, tó wá lọ ń gbé ìlú mìíràn tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n. Àkúdàáyà. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bèèrè iṣẹ́ tí Médard ń ṣe.

"Akọ̀wé ìjọba."

"Ẹ wo òkú tó ríṣẹ́ ìjọba." Ó mi orí. "Àwọn ọmọ tèmi tó wà láàyè ò tíì rí i."

Bọ́tìnnì kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un, ó sì pẹ́ níbẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ Médard: wọ́n ní ẹsẹ̀ òkú kì í kan ilẹ̀.

"Ẹsẹ̀ mi kan ilẹ̀, Ìyá."

"Bàtà ló kan ilẹ̀. Ẹ bọ́ ọ."

Médard bọ́ bàtà. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún yọjú síta láti inú ìbọ̀sẹ̀. Àdìzátù wò ó, ó wò ó, ó wá mí kanlẹ̀.

"Alààyè ni yín. Kò sí ẹbí tó máa wọ irú ìbọ̀sẹ̀ yìí fún òkú wọn."

Ara tu Médard. Ó rọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ Moubarak fún un: ọ̀pá ìlù, eré ọ̀la, ènìyàn kan ṣoṣo. Ó fa fóònù yọ. Ó ní kí ìyá ṣáà bá òun dárúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí Moubarak létí, bó ṣe máa ń pè wọ́n lọ́jọ́ Jímọ̀. Kò ju ìyẹn lọ.

Àdìzátù ká ọwọ́ mọ́ àyà.

"Mi ò lè jẹ́rìí èké lọ́jọ́ Jímọ̀. Òkú mẹ́rin ni mo mọ̀. Mi ò mọ alààyè kankan nínú yín."

"Ẹni kan náà ni wá."

"Bẹ́ẹ̀ lẹ wí. Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kí n pe orúkọ kí ẹ gbọ́? Ẹni tó bá fẹ́ gba ẹ̀wù olóògbé lọ tà náà á kọ́kọ́ bèèrè orúkọ."

Ó dìde, ó fa ẹ̀wù dúdú wálẹ̀ lórí okùn, ó nà án sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ Médard.

"Ẹ ṣe é."

"Kí n ṣe kí ni?"

"Ojú yẹn."

Médard la ẹnu. Àdìzátù ní ìyẹn jọ ti ẹni tó wà lọ́dọ̀ oníṣègùn eyín. Ó tún un là. Ó ní ìyẹn ti ẹni tó jẹ ata. Ó tún un là. Ìyẹn, ó ní, kò jọ nǹkan kan.

"Ìyá, ojú yẹn kì í wá fúnra rẹ̀. Orin ló ń mú un wá."

"Ẹ kọ ọ́ nígbà náà."

Médard wo ọ̀tún. Ó wo òsì. Ìyàwó ọ̀gá rẹ̀ máa ń ra aṣọ ọmọdé ní ìlà yìí. Ó ní kí òun kọ́kọ́ ṣàlàyé, pé ọdún 1998 ni òun kọ orin náà, nígbà tí òun jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n fi ìwé kan dá òun lọ dá òun bọ̀ ní ọ́fíìsì kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. "Ẹ Padà Wá Lọ́la" lorúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà ogún ni wọ́n ń wí i.

Ó gbé báàgì kalẹ̀. Ó mí sínú.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò ṣeé kọ sílẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú àáyá. Iṣan ọrùn. Itọ́. Awò ojú fò sórí béèlì. Ìlà òkìrìkà dákẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọmọ ọwọ́ kan tó ń sunkún dákẹ́ láti gbọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ú lọ. Nígbà tó parí, Rasidat tó ń ta bàtà lódìkejì ké sí Àdìzátù pé ṣé kí òun gbé omi wá. Àdìzátù ní rárá, orin ni. Rasidat gbé omi náà wá.

Àdìzátù kò tíì gbé ẹ̀wù kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkùnrin náà. Ó ti rí i. Láàárín orin yẹn, apárí ti kúrò nílẹ̀, ikùn ti kúrò nílẹ̀, ẹnu ti ya dé ibi tó yẹ kó ya dé. Òun ni.

"Ẹ kú àjíǹde," ni ó wí.

"A dúpẹ́." Médard ń wá awò ojú rẹ̀.

"Obìnrin yẹn ńkọ́? Émilienne. Òun náà wà?"

"Olùkọ́ ni ní Porto-Novo. Ó ti di ìyá àgbà."

"Ṣé ó ń pariwo báyìí?"

"Òun ló ń ta gìtá. Tirẹ̀ ju tèmi lọ."

"Xavier?"

"Ó wà. Oògùn ló ń tà. Òun ló ń ta gìtá kejì, èyí tó ń dún nísàlẹ̀."

Àdìzátù ń mi orí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ará ilé tó ti pẹ́ lájò. Lẹ́yìn náà ni ó fi ìka kan gbá ètè rẹ̀.

"Ẹ padà wá lọ́la. Ẹ padà wá lọ́la. Ibo ni mo ti gbọ́ èyí rí? Ìwé ọjọ́ ìbí Jàmíátù ọmọ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lọ. Ọkùnrin kan wà lẹ́yìn fèrèsé, kò gbójú sókè wo èèyàn rí, apárí rẹ̀ nìkan ni mo ń rí. Ọ̀gá Médard, ìhà ibo ni ọ́fíìsì yín wà?"

Médard ń wọ bàtà. Ó pẹ́ kó tó so okùn rẹ̀ tán.

"Ẹ jẹ́ ká pe Moubarak ná, Ìyá."

"Ìwé Jàmíátù ńkọ́?"

"Ẹ padà…" Ó gé e kù. "Ọjọ́ Ajé. Màá gbé e wá síbí fúnra mi."

Nígbà náà ni Àdìzátù tó gba fóònù. Láti Akpakpa, òòlù ń dún lórí páànù. Ara mọ́tò tó tẹ̀ ni Moubarak ń lù tọ́, níbẹ̀ náà sì ni Ibojì Kún ti ń ṣe ìdánrawò láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, láìsí aládùúgbò kan tó fẹjọ́ sùn. Kò sí ẹni tó mọ ìyàtọ̀.

Wọ́n kí ara wọn. Wọ́n bèèrè ilé, wọ́n bèèrè ọmọ. Àdìzátù ka orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìmí. Médard fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún rẹ̀ mú. Ẹ̀rín ló jáde láti inú fóònù. Moubarak ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá, àmọ́ kí ó sọ fún Médard pé orúkọ tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí ènìyàn lẹ́nu kò kà. Kí wọ́n wá onílù mìíràn.

Àdìzátù kò fẹ́ràn kí wọ́n pe òun lópùrọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀.

"Moubarak, gbọ́ mi. Ìwọ nìkan lo di ojú nínú àwòrán yẹn. Àwọn mẹ́ta yòókù lajú. Láti ọjọ́ tí mo ti tú béèlì ni mo ti wí i pé, èyí ló kọ́kọ́ kú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi màsà kan lé tìrẹ."

Ní Akpakpa, òòlù dákẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ohùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú fóònù, ó ga, ó yára, kò dánu dúró, bí ẹni tó ti gbé ọ̀rọ̀ mì láti ìgbà pípẹ́. Àdìzátù gbé fóònù jìnnà sí etí.

"Ó ní kí n bi yín pé ta ló ní kí wọ́n tún àwòrán yẹn yà, ní 2012."

Médard tún awò ojú rẹ̀ ṣe.

"Ó ní ó bẹ̀ yín. Ó ní ẹ ní pọ́ńkì ni, kí ó fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní ìlú mẹ́jọ ni òun fi ojú dídì rìn. Ó ní ìyá òun so ẹ̀wù náà mọ́ ògiri, gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń bèèrè ìgbà tí wọ́n sin ín." Ó wo Médard láti orí dé ẹsẹ̀. "Ṣé ẹ wá rí i pé kì í ṣe èmi nìkan."

"Ìyá, ẹ bi í bóyá ó máa wá lọ́la."

Ó bi í. Ó gbọ́. Ó na fóònù sí Médard.

"Tí ẹ bá bẹ̀ ẹ́."

Médard gba fóònù, ó kẹ̀yìn sí ọjà, ó bẹ̀bẹ̀. Ọdún mẹ́tàlá ló fi kọ̀ ọ́. Kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi parí rẹ̀, bí gbogbo orin wọn. Nígbà tó yíjú padà, òòlù ti tún bẹ̀rẹ̀ ní Akpakpa. Ó yá kíkankíkan. Ẹni tó ń dánra wò fún eré ọ̀la ni.

Àdìzátù gbé àpò ẹ̀wù lé e lórí. Márùndínlógóje. Ó tún so èyí tó kù padà sórí okùn. Médard dúró pẹ̀lú ẹrù lórí, ó ń wo àwo màsà, ojú tì í díẹ̀.

"Ìyá, Ọlọ́run á san án fún yín. Àmọ́ ẹ lè wá dá sàráà yẹn dúró báyìí. Ẹ ti rí i pé a wà láàyè."

Àdìzátù ṣí ọ̀rá kúrò lórí àwo, ó mú màsà kan, ó gbé e sọ́tọ̀ fún Moubarak.

"Nígbà tí mo rò pé ẹ ti kú, Jímọ̀ Jímọ̀ ni mo ń ṣe é. Ní báyìí tí mo ti gbọ́ orin yín, ojoojúmọ́ ni."